Ìdá Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún

Túnsítìnì tó ti fẹ́ atẹ́gùn níyàwó
pupa rẹ́súrẹ́sú bí gàrí elépo
nínú àwo mi, lẹ́yìn Géètì Àríwá, ní Àkúrẹ́.
Mo fi iná sí i nínú omi kíkan,
mo ní kí haidirójìn wọlé.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà
bí ọmọ tí wọ́n rán sílé onílé.
Díẹ̀ tó wọlé, kò fẹ́ jáde mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Olúwatùyì, tó ti bá òṣùwọ̀n gbó,
wo ìlà pẹrẹsẹ orí ìwé, ó ní:
"Ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ jọra,
ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún àlejò?
Fi àjèjì kan sí wọn láàárín."

Mo bu taiténíọ́mù, ìdá méjì péré,
kò tó iyọ̀ tí dókítà yọ̀ǹda fún ìyá mi.
Nẹ́pà mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì;
èmi àti ẹ̀fọn la jọ ṣọ́ ààrò.
Ní Ọjọ́bọ̀, ó mu haidirójìn
bí ilẹ̀ ti ń mu àkọ́rọ̀ òjò,
ó di aró,
aró gidi.
Mo yí iná padà: àlejò jáde, pupa padà wálé.

Ojúkòkòrò ní kí n fi ìdá mẹ́wàá sí i.
Àwọn àjèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n dínà.
Olúwatùyì kò rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀ Oǹdó, ìyá kan wo èékánná mi:
ṣé aláró ni mí?
Mo ní ó kù díẹ̀.
Kí a tó dé Bọ́lọ́rundúró,
atẹ́gùn ti gba aró rẹ̀ padà.