Ọ̀nà Omi

Atukọ̀ ni mí ní Kemi,
níbi tí òkun ti ń di òkúta lóṣù Kejìlá.
Imú ọkọ̀ wa la fi ń fọ́ yìnyín
kí àwọn ọkọ̀ onípákó lè rí ọ̀nà gbà.
Bí a là á láàárọ̀, tó bá dalẹ́, ó ti tún dì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Helka lóyún,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni oyún wálẹ̀.
Àkọ́kọ́, a ò tíì sọ fẹ́nì kan.
Ìkejì, mo ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun yàrá kékeré.
Ìkẹta, ojú omi ni mo wà;
ó pè mí, kò sọ̀rọ̀,
ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá mi ní igi ìdáná tó gbé ni.
Helka fi kọfí sílẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀,
ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wá olè.

Dókítà Saarela gba ẹ̀jẹ̀.
Ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá,
àyẹ̀wò kan ṣoṣo kì í dájọ́.
Yìnyín yọ́, àwọn ẹyẹ dé,
ìdáhùn kan náà ló bọ̀:
àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣi onílé mú fún olè,
wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ dì níbi ọmọ,
lójú ọ̀nà tín-ín-rín tí oúnjẹ ń gbà.
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kọ́ ló pè é.

Mo ní, "Kí la fi ń fọ́ ọ?"
Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀.
"A kì í fọ́ ọ. A kì í jẹ́ kó dì ni."

Ásípírínì kékeré láràárọ̀,
abẹ́rẹ́ hẹ́párìn nínú awọ ikùn lálaalẹ́.
Ó ní òun ò ṣèlérí.

Bí mo bá wà nílé, èmi ni mò ń gún un.
Ọwọ́ tó ń di irin mú nínú òtútù
ń gbọ̀n níwájú abẹ́rẹ́ tí kò gùn tó ìka.
Ojú ibẹ̀ á dú bí aró, á wá pọ́n bí ìyeyè.

Lánàá ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún.
A ò kun yàrá. Ìyá mi ò béèrè.
Mo ti wọ bàtà tán, Helka ní, "Ó tàpá."
Mo gbọ́wọ́ lé e.
N ò mọ̀ bóyá ọmọ ni
tàbí ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n.