Ìka Nínú Ògiri

Kì í ṣe típà ló kọjá lóru àná ní Pòrógun.
Mo ti jí kí ife tó bẹ̀rẹ̀ sí gbá ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù,
mo rí fìtílà tó ń mì níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí.
Kò ju kéèyàn ka ení títí dé ẹ̀jọ lọ,
ilẹ̀ sì dákẹ́,
bí àgbà tó wúkọ́ lójú oorun tó tún sùn padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú tọ́ọ̀ṣì,
èmi Odùgbẹ̀san bíríkìlà,
mo ń lọ láti ilé dé ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ,
mo ń ti ìka bọ ibi tí ògiri ti lanu.
Nílé Ṣówándé, èékánná mi lásán ló wọlé.
Nílé Ìyá Nọ́ọ̀sì n'Ìwádé, kò sí nǹkan kan.
Obìnrin yẹn bá mi jà lórí irin nígbà náà,
ó ní kí n fi ìgbànú irin àti kọnkéré
yí ilé òun po lókè fèrèsé.
"Ṣé ìwọ máa ń wọ ṣòkòtò láìlókùn ni?"
Mo fi í rẹ́rìn-ín.

Nílé Èfúnyẹlá, àbúrò mi,
ìka mi wọlé dé oríkèé kejì.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọdún náà.
Àpò sìmẹ́ńtì kan, mo fi yọ búlọ́ọ̀kù ọgọ́ta,
yanrìn ẹlẹ́rẹ̀ tí a ò fọ̀,
igun ilé tí búlọ́ọ̀kù ò ti di ara wọn lọ́wọ́ mú,
wọ́n kàn fara ti ara wọn bí àjèjì nínú ọkọ̀.
Owó irin la fi ra géètì olórí kìnnìún.
Géètì ṣì wà. Kìnnìún ò kúkú mọ̀ pé ilẹ̀ mì.

Wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.
Èmi ò fi itọ́ mọ ọn.
Àánú owó ni mo pò mọ́ yanrìn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi rẹ́ ẹ, kí n kùn ún lọ́dà,
Iléyá ti dé tán, àwọn ọmọ ń bọ̀."
Mo ní rárá. Ògiri gogoro tó ru páànù
lókè ibùsùn rẹ yẹn, òun la ó kọ́kọ́ wó.
"Níbo ni wọ́n máa sùn?"

Mo ní kí wọ́n kó ẹní wá sí pálọ̀ mi.
Mo ti dé ìdí géètì kí n tó rántí
pé ilé tèmi gan-an,
n kò tíì ti ìka bọ̀ ọ́.