Igi Wo Lẹ Là Lónìí?

Aago mẹ́fà ni wọ́n ń pa ẹ̀rọ ṣọ́mìlì wa n'Ísọ̀kùn,
ì báà jẹ́ Agẹmọ, ì báà jẹ́ Bélú.
Ọ̀gá Ajíbọ́yè ò bá oòrùn ṣe àdéhùn.
Tí ayùn ńlá bá dákẹ́, etí mi á ṣì máa hó
títí ọ̀kadà á fi gbé mi kọjá ọjà Atákúnmọ́sà,
títí n ó fi sọ̀ ní Ìmọ̀.

N'Agẹmọ, tí òjò ò bá dí mi lọ́nà,
oòrùn á ti jókòó sórí páànù aládùúgbò wa dè mí
bí àlejò tí wọn ò tíì fún lóúnjẹ.
Ogójì ìṣẹ́jú.
Mo ti fi aago ọwọ́ mi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àsọdùn,
ogójì ìṣẹ́jú tí Bélú kì í fún mi.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ẹni tó ń jáde nígbà tí ọmọ ṣì ń sùn
ló mọ iye tí wọ́n ń ta ìṣẹ́jú.

Inú ogójì yẹn ni Àrínọlá ti kọ́ kẹ̀kẹ́.
Mo di ìjókòó mú lẹ́yìn, mo ń sáré,
bàtà iṣẹ́ ń gbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀,
ó ń ké, "Ẹ má fi mí sílẹ̀ o!"
mo sì ti fi í sílẹ̀ láti ìdí igi àgbálùmọ̀.
Ìyá rẹ̀ gbé àpótí síta, ó ń ṣa ẹ̀wà,
ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló fi ń rí òkúta.
Tí mo bá jókòó, ọmọ á máa fi ìka méjì
yọ lẹ́búlẹ́bú pákó ní ìpéǹpéjú mi
bí ẹni ń já eégbọn lára ajá.
"Bàbá, ewú ti ń yọ níbí."

Bélú dé.
Oòrùn di oníṣòwò tó ń ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ oníbàárà lójú.
Mo dé Ìmọ̀, òkùnkùn ti gba ìjókòó mi.
Iná ìjọba ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan mìíràn.
Kẹ̀kẹ́ fara ti ògiri, táyà rẹ̀ ti jò.
Òkúta wà nínú ẹ̀wà, eyín la fi ń kà á.
Ìyá mi á dáhùn láti kọ̀rọ̀,
"Ulẹ̀ ti ṣú. Ta nì yẹn?"
Èmi ni.
"Ìwọ ta?"

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ń rí ojú ọmọ mi,
láti ẹ̀gbẹ́, nínú ìsìn.
Eyín rẹ̀ kan ti yọ níwájú.
Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.
Mo lọ bẹ ọ̀gá: ẹ jẹ́ ká máa ṣíwọ́ láàbọ̀ aago mẹ́fà.
Ó ní, "Ṣé oòrùn ni mo gbà síṣẹ́, àbí ìwọ?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń bọ́ ẹ̀wù nínú òkùnkùn,
imú kan kàn mí níkùn.
Ó fa èémí. Ó dúró. Ó tún fà á.
"Ọ̀gànwó ni. Ọ̀gànwó lẹ là lónìí."
Ta ló sọ fún ọ?
"Arère ni lánàá, ó ń rùn.
Ọjọ́ tí ẹ̀yin àti Màámi ò bára yín sọ̀rọ̀,
ìrókò ni, mo sín títí."

Mi ò gbọn aṣọ mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́.
Ìyàwó mi ń bínú, ó ní ẹní ti di ilẹ̀ ṣọ́mìlì.
Agẹmọ ṣì jìnnà. Tó bá di Sátidé, n ó lẹ táyà yẹn.
Lónìí, àpá la là.
Mi ò ní sọ fún un.