Òórùn Ẹṣin

Ọdún keje rèé, Sasidharan,
tí ìyá rẹ ti ń ka oṣù mi bí ẹni ń ka gbèsè.
Ẹni tó bá wọlé wa ní Kuttanad,
ikùn mi ló ń kọ́kọ́ wò kó tó kí mi.
Mo mu àgbo kíkorò. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ Ajé.
Mo so ibùsùn ọmọ tí a fi igi gbẹ́,
tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
mọ́ ẹ̀ka igi lẹ́yìn tẹ́ńpìlì.
Afẹ́fẹ́ ló ń mì ín títí dòní.
Kò sẹ́ni tó bi ọ́ léèrè ohun tí ìwọ ń mu.

Ìwọ tí ń gun igi àgbọn ní ìdájí,
ọ̀bẹ ní ìbàdí, agbè lẹ́yìn,
tí o ń fi egungun lu òdòdó àgbọn
pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, títí yóò fi sunkún.
Ẹkún rẹ̀ ni ẹmu.
O ta díẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù Kuttappan, o mu ìyókù,
nígbà tó bá di alẹ́,
ìgò ọtí líle láti ilé ìtajà ìjọba
ló ń bá ọ sùn. Èmi kọ́.

Èmi ni mo fà ọ́ dé ọsibítù Alappuzha.
O kọjú sí omi nínú ọkọ̀, o ò sọ̀rọ̀.
Agbo pẹ́pẹ́yẹ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa,
ọmọ lẹ́yìn ìyá, ọmọ lẹ́yìn ìyá,
a ò lè wo ara wa lójú.
Dókítà fi àtọ̀ rẹ sábẹ́ dígí tó ń sọ eruku di òkè.
"Wọn ò pọ̀," ó ní. "Àwọn tó wà ń rìn bí ọ̀mùtí:
ọ̀kan ń pòòyì lójú kan, ọ̀kan ti sùn."
O rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó yá, o ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó ní ọtí àmujù a máa wọ inú kórópọ̀n lọ bá iṣẹ́ jẹ́,
a sì máa jí agbára ọkùnrin kó nínú ẹ̀jẹ̀,
olè tí onílé fúnra rẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún.

Madhaviyamma, arúgbó oníṣègùn Ayurveda etí odò,
fi ìka mẹ́ta di ọrùn ọwọ́ rẹ mú, ó dákẹ́ pẹ́.
O ti ń na ọwọ́ kejì fún oògùn.
Ó ní: "Ìkòkò méje ni mo rí nínú ara.
Oúnjẹ á di omi ara, omi ara á di ẹ̀jẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ á di ẹran, ẹran á di ọ̀rá,
ọ̀rá á di egungun, egungun á di mùdùnmúdùn,
ìkòkò ìkẹyìn ni àtọ̀.
Ìwọ tó o da iná sínú ti àkọ́kọ́,
kí lo fẹ́ bá nínú ìkeje?"

Lẹ́yìn náà ló tó gbé gbòǹgbò jáde:
aṣwagandha, ìtumọ̀ rẹ̀ ni òórùn ẹṣin.
Ká lọ̀ ọ́, ká sè é pẹ̀lú wàrà gbígbóná
àti òróró bọ́tà kékeré, kí o mu ún kí o tó sùn.
Kí o máa tètè sùn. Kí o yéé jẹ ata bí ẹni ń gbẹ̀san.
"Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í bá ìgò gbélé," ó ní,
"ọ̀kan ní láti kó jáde.
N kò ṣèlérí ọmọ. Ẹ má sì ju ìwé dókítà nù."

Oṣù kẹta nìyí.
Ọwọ́ rẹ gbọ̀n lóke igi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́,
mo dúró sísàlẹ̀ bí ẹni lè gbé ọ.
Alẹ́ ọjọ́ kan, ẹmu wà lẹ́nu rẹ;
mo gbé wàrà náà fún ológbò,
n kò sọ nǹkan kan, ìwọ náà kò sọ.
Ọjọ́ kejì, ìwọ lo lọ gbòǹgbò fúnra rẹ.

N ò tíì lóyún.
Ìyá rẹ kò ka oṣù mi mọ́, ìgò ló ń wá kiri.
Lánàá, o sún mọ́ mi nínú òkùnkùn,
òórùn ẹṣin ni mo gbọ́.
N ò yíjú sí ògiri.