Oòrùn Kemijärvi

Agogo méjìlá òru ti lù, oòrùn ò tíì sùn.
Ó sọ̀ kalẹ̀ dé orí àwọn igi páìnì òdìkejì adágún,
ó ku díẹ̀ kó kanlẹ̀,
ó tún gbérí.

Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí, ọdún mọ́kànlá rèé.
Nínú oṣù Kẹfà, bí àwọn ọmọ ìlú bá ti lọ lúwẹ̀ẹ́,
àwọn mọ́kàndínlógún kan á dé tàwọn tàpò ẹ̀yìn,
ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá,
tí wọ́n ní ọpọlọ wọn jí ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ,
tí wọ́n wá kọ́ ìṣirò ohun tó ń yí padà.
Ọpọlọ tó jí ò ní kí wọ́n má da wàrà sílẹ̀ ṣá.
Èmi ni mò ń nù ún.

Irmeli ń kọ́ wọn (níbí, orúkọ la fi ń pe olùkọ́).
Ó fa ìlà kan tó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ológbò,
ó fìka tọ ojú kan lórí ẹ̀:
"Níbí gan-an, báwo ló ṣe ń yára tó?"
Tuukka dáhùn kí ìbéèrè tó tán. Ó ṣì í.
Pihla kọ ojú ewé mẹ́ta, ó rí i.
Niila, tí bàbá rẹ̀ ń da àgbọ̀nrín lókè àríwá,
wo ojú fèrèsé títí, ó ní:
"Yìnyín odò wa kì í yọ́ lọ́jọ́ kan.
Bàbá mi á gbẹ́sẹ̀ lé e láràárọ̀, á tẹ́tí.
Kì í bi í pé, mélòó lo ti yọ́?
Ó ń bi í pé, lónìí, báwo lo ṣe ń kánjú sí?"

Kò sẹ́ni tó fèsì.
Èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Lóru, mo wọlé wá nu pátákó.
Ẹnìkan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí igun: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́.
Ìdajì, ìdámẹ́rin, ìdámẹ́jọ, ìdámẹ́rìndínlógún:
bí ó ti ń kéré sí i ni orúkọ rẹ̀ ń gùn sí i,
tó ń yọ́ lọ sídìí òdo
tí ò ní débẹ̀ láé.

Láti ìgbà tí Raili ti kú
ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé yóò tán.
Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi.

Mo ká aṣọ ìnulẹ̀ mi, mo fi pátákó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ìmọ́lẹ̀ òru wà lára ìlà náà.
Mo dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí n tó rántí wàrà
tó ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ àga Tuukka.