Owó Tó Wà Lọ́wọ́ Dádì

Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti rí i,
ìwé eléwé ọgọ́ta tí mo rà fún un lọ́jà Kúbwà.
Ìníolúwa, ọmọ ọdún mẹ́wàá,
ti fi rúlà fa ìlà pupa sí àárín ojú ewé,
ó wá kọ ọ́ gàdàgbà sókè:
OWÓ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ DÁDÌ.

Ẹgbẹ̀rún kan, Àlhájì Danládì, ọjọ́ Iléyá.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyàwó pásítọ̀, torí mo ka Sáàmù láì wòwé.
Ẹgbẹ̀rún méjì, Àǹtí Fadérera, nígbà tí wọ́n ti Lọ́kọ́ja dé.
Wọ́n ní kí n fi ra bàtà. Dádì ní àwọn á bá mi tọ́jú ẹ̀.
Igba náírà, Hájíà Rakíyà. Mo bá wọn ka nọ́ńbà iná.
Ẹgbẹ̀rún kan, bàbá kan tí mi ò mọ orúkọ wọn.
Wọ́n ní mo jọ ìyá Dádì.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí.
Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ
pé ẹni tó yáwó yóò dá a padà tòun ti èlé.
Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi,
mo ń fi ìka ròwó.

Mo ń bá ọ tọ́jú ẹ̀.
Mi ò purọ́. Mo tọ́jú ẹ̀ sínú táǹkì jẹnẹrétọ̀.
Mo tọ́jú ẹ̀ sọ́wọ́ mẹrúwà
tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi bọ̀ nínú ọyẹ́ àárọ̀.
Mo tọ́jú ẹ̀ sínú ọkọ̀ tó gbé mi lọ sí Sẹkiteríàtì
ní oṣù tí owó oṣù kò wọlé,
tí mo lọ bi wọ́n léèrè bóyá orúkọ mi ti kú.

Bàbá tèmi kò fún mi ní kọ́bọ̀ rí.
Rélùwéè Kafanchan ni wọ́n ti ṣiṣẹ́.
Tí mo bá ní, "Bàbá, owó,"
wọ́n á tẹjú mọ́ mi: "Ta ló ń bọ́ ọ?"
Mo rò pé èsì nìyẹn nígbà náà.
Ìbéèrè ni. Mo ṣì ń wá èsì rẹ̀.
Ta ló bẹ̀ mí pé kí n bí òun?
Owó iléèwé, aṣọ, oògùn ibà,
ìyẹn kì í ṣe ìtọrẹ.
Ṣùgbọ́n igba náírà ọjọ́ Ẹtì ńkọ́,
èyí tí á fi ra kúlíkúlí
tí kò ní jíṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni?

Ìyá rẹ̀ ní kí n má bà á jẹ́.
"Ọmọ tó ń ṣírò bàbá ẹ̀ lónìí,
kí ló kù tí kò ní ṣe lọ́la?"
Mo rọra ṣí ewé kejì hàn án:
OWÓ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ MỌ́MÌ.
Ó ní òun ń gbé ìkòkò kaná.

Ọjọ́ tí owó oṣù bọ́ sílẹ̀,
mo gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lé orí ìwé náà.
Ó fi ètè tọ́ ìka bí akọ̀wé báǹkì,
ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó wá ń fagi lé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kan ṣì kù,
èyí tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ lálẹ́ ọjọ́ tí òjò wó ògiri,
tí mo fi ra búrẹ́dì. O ò kọ ọ́."
Kò gbójú sókè.
"Èmi náà jẹ nínú búrẹ́dì yẹn."

Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọjú sógiri.
Mo kọjú sógiri.
Mo gbọ́ tí agolo mílíìkì dún,
mo sì mọ ibi tó wà.
Mo bẹ Ọlọ́run pé kí n gbàgbé.