Òórùn Wáyà Tó Jóná

Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ wọn nípa iná mànàmáná
lójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì ní àtẹ́lẹwọ́.
Mo ya wáyà bí ejò tó ká, mo kọ lẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
mo ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti fọwọ́ kan ọ̀kan rí.
Ọlọ́run ló yọ mí.

Ọdún tó kọjá ni ọ̀gá àgbà gbé ìwé àdéhùn dé:
ilé-ẹ̀kọ́ wa àti àwọn oníṣẹ́ ìlú Iléṣà,
ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago méjì sí márùn-ún.
Mo gbé e lọ bá Ọ̀gá Fájẹ́mísìn ní Ìsọ̀kùn,
ẹni tí ń wé mọ́tò ẹ̀rọ omi, ti fáànù, ti ẹ̀rọ ìlọta.
Kò wá bíróò. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti pọ́n fún fáníìṣì,
ó tẹ̀ ẹ́ síbi orúkọ rẹ̀, ó ní,
"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, kí ẹ máa gbé ìwé yín lọ."

Ìbíyẹmí la fi sílẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó gbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbálẹ̀,
ó lọ ra búrẹ́dì, ó to síípánà sórí àpótí.
Ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bára mu:
"Tíṣà, ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ bá mi fi í ṣe?"
Mo bínú lọ. Mo ti to gírámà sẹ́nu.
Ọ̀gá ò gbójú sókè.
"Bíná bá lọ lójijì, tí mo ní kó mú nọ́ńbà mẹ́tàlá wá,
ṣé inú ìwé yín ni yóò ti wá a?"
Ó pè é. Ó ní kó dijú. "Mẹ́tàlá."
Ọwọ́ ọmọ náà lọ tààrà, bí ewúrẹ́ tó mọ̀nà ilé.
Mo gbé gírámà mi padà.

N kò ní purọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí báyìí.
Àwọn mẹ́rin tí a rán lọ síbi omi inú ọ̀rá, lọ́nà Òṣú,
kò kọ́ ju bí a ti ń di àpò lọ.
Oṣù méjì, àpò lórí àpò.
Ọmọ́tọ̀ṣọ́ bi mí pé,
"Sà, ṣé àwa la lọ kọ́ṣẹ́ ni, àbí àwọn ló rí ọ̀fẹ́?"
A kó wọn kúrò. Ìwé àdéhùn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀,
sítáǹpù rẹ̀ ń dán.

Ìbíyẹmí ní tirẹ̀ ń kọ nǹkan.
Bí ọ̀gá bá tú mọ́tò, á máa fẹnu ka wáyà,
ogójì, mọ́kànlélógójì,
orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́,
ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì.
Ọmọ ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré aláwọ̀ ewé:
irú ẹ̀rọ, iye ìyípo, orúkọ oníbàárà.
Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ omi ilé ìgbẹ̀bí dákẹ́,
ọ̀gá kà á dé àárín, ó gbàgbé. Ó jókòó.
N kò tíì rí àgbà ọkùnrin tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.
Ọmọ ṣíwèé: "Ẹ wé irú rẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà, Bàbá.
Mẹ́rìndínláàádọ́rin ni."
Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, omi dé.

Bàbá bàbá mi, òṣómàáàlò paraku,
lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde.
Owó yẹn ló rán wa nílé-ìwé.
Èmi ò lóṣòó ti nǹkan kan rí.

Nínú ìdánwò, mo béèrè bí a ṣe ń mọ wáyà tó ti jóná.
Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ìlà mẹ́ta, mítà wà nínú rẹ̀.
Òun kọ ẹyọ ìlà kan:
A máa gbọ́ òórùn rẹ̀ kí a tó rí i.
Mo gbé bíróò pupa sókè, mo gbé e kalẹ̀.
Mo gba Ìsọ̀kùn lọ, mo dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, mo ń fa imú.
"Tíṣà, kí lẹ ń wá?"
Mo ní òórùn ni.
Ọ̀gá fẹsẹ̀ ti mọ́tò jíjóná kan sọ́dọ̀ mi.
Mo ká ṣòkòtò mi sókè díẹ̀,
mo lóṣòó.